Ọmọ Kì Í Ṣe Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́



Bíbélì kíkà: Deutarónómì 5:12-15

Nínú òfin Ọjọ́ Ìsinmi yìí, Ọlọ́run ka ọmọkùnrin, ọmọbìnrin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ sinmi. Ẹran tí kò lè sọ pé ó rẹ òun, Ọlọ́run rántí ẹ̀.

Lókè Ọya, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru igi àti irè oko fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní Ayétòrò wa níbí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò wọ́pọ̀. Ta ló wá ń ru pákí wálé? Nígbà míì, àwọn ọmọ wa ni. Kò burú kí ọmọ bá òbí ṣiṣẹ́. Bí àwa náà ṣe mọṣẹ́ nìyẹn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 pàápàá gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ láyè lóko ẹbí. Àmọ́ ọmọ tó ti ru pákí láti ìdájí, tó wá ń tòògbé ní kíláàsì, ẹrù yẹn ti ju orí ẹ̀ lọ.

Ẹsẹ 15 rán Ísírẹ́lì létí pé wọ́n ti ṣẹrú rí ní Íjíbítì. Àwa náà ti ṣọmọdé rí. Ṣé ọrùn wa ti gbàgbé ni?

Lónìí, kẹ́ ẹ tó gbẹ́rù ru ọmọ, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ara yín gbé e wò. Tó bá wúwo, ẹ bù ú kù. Ẹ jẹ́ kó tètè dé iléèwé.

Àdúrà: Olúwa, là wá lójú ká rí ohun tó wúwo lórí àwọn ọmọ wa, lórúkọ Jésù. Àmín.