Bí a ṣe ń de ìbòmú ẹ̀rọ amúnimí láì dá egbò sí aláìsàn lójú

Ẹ̀rọ BiPAP ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí aláìsàn nímú àti lẹ́nu, díẹ̀ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòmú, ẹ̀rọ ń ké, ni ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá fa okùn le. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orí egungun imú ti bó. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹran láàárín òun àti egungun.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ojú aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ìbòmú ló ní òṣùwọ̀n tiwọn. Èyí tó bo imú àti ẹnu gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí egungun imú, kó parí sábẹ́ ètè ìsàlẹ̀, kó má wọ ojú, kó má sì kọjá àgbọ̀n. Bí méjì bá bá a mu, ẹ mú èyí tó kéré. Ẹ fọ ojú, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi Vaseline pa á: ìbòmú yóò máa yọ̀, bí ọ́síjìn bá sì wà níbẹ̀, nǹkan olóròóró lè gbaná.

Ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ di ìbòmú mú sójú rẹ̀, kó mí sí i díẹ̀ kára rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ tó so okùn, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè kọjá lábẹ́ okùn.

Bó bá ń jò ńkọ́? Mo mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ máa ń dáyà foni, ṣùgbọ́n ẹ fi okùn sílẹ̀. Ẹ gbé ìbòmú kúrò lójú díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ kún rọ́bà múlọ́múlọ́ etí rẹ̀, kí ẹ sì rọra gbé e padà. Jíjò díẹ̀ kò burú, ẹ̀rọ máa ń fi afẹ́fẹ́ rọ́pò èyí tó jò fúnra rẹ̀. Èyí tó ń fẹ́ sójú ni kí ẹ má gbà, torí ó ń gbẹ ẹyinjú. Àwọn ihò kéékèèké ara ìbòmú kì í ṣe jíjò o. Ibẹ̀ ni èémí tí aláìsàn mí síta ń gbà jáde. Ẹ má dí wọn láé.

Ní gbogbo wákàtí méjì sí mẹ́rin, bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ẹ ṣí i, kí ẹ yẹ imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí, òkè etí àti ìpàkó wò lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìwé máa ń sọ pé ojú ibẹ̀ á pọ́n. Lára adúláwọ̀, pípọ́n yẹn lè má hàn. Ẹ wá ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ tàbí tó jọ àwọ̀ elésè àlùkò. Ẹ fọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná tàbí tutù ju ibòmíràn lọ, ṣé ó le tàbí rọ̀ jù? Ẹ bi í bóyá ó ń ta á.

Bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní wákàtí yẹn gan-an. Ó lè lẹ plásítà hydrocolloid tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, tàbí kó pààrọ̀ ìbòmú sí irú èyí tí kì í tẹ egungun imú.

Ohun kan ni kò gba sùúrù: bí aláìsàn bá ń bì, ẹ yọ ìbòmú kíá, kí èébì má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì.