MÍMÚRA SÍLẸ̀ FÚN ÌRÌN-ÀJÒ JÍJÌN LÓRÍ KẸ̀KẸ́



Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Mamadou Safayou Barry, ọmọ ilẹ̀ Gínì, gun kẹ̀kẹ́ kúrò nílé láti lọ kàwé ní Al-Azhar ní Íjíbítì, nítorí kò ní owó ọkọ̀ òfuurufú. Ó rìn títí ó fi dé Ṣáàdì. Ibẹ̀ ni àwọn olóore ti san owó ọkọ̀ òfuurufú fún un, kí ó má baà gba Sùdáànì tí ogun wà. Ó dé Káírò ní oṣù kẹsàn-án, Al-Azhar sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ṣómólú àti Bàrígà ń bi wá pé: "Àáfà, ṣé àwa náà kò lè gbéra?" Ìdáhùn wa ni pé: kí ni ẹ dì sẹ́rù? Ibn Abbas sọ pé àwọn ará Yẹ́mẹ̀n kan máa ń lọ sí Hájì láìdi oúnjẹ, wọn a ní Ọlọ́hun ni àwọn gbáralé. Bí wọ́n bá dé Mọ́kà, wọn a máa tọrọ jẹ. Lórí èyí ni àṣẹ fi sọ̀kalẹ̀ nínú Suratul-Baqarah pé kí arìnrìn-àjò pèsè sílẹ̀. Ìgbáralé Ọlọ́hun kì í ṣe àìmúrasílẹ̀.

Èkíní, kẹ̀kẹ́. Ẹ mú túùbù tuntun méjì, gọ́ọ̀mù àti rọ́bà ìlẹ̀túùbù, pọ́ńpù, sípánà àti òróró ṣéènì. Ẹ lọ kọ́ bí a ti ń lẹ túùbù lọ́dọ̀ fọkanáísà àdúgbò yín. Àwa gan-an ti gbéra lọ sí Ẹ̀pẹ́ rí pẹ̀lú ìwé àti ìkòkò, láìsí pọ́ńpù. Táyà jò, a sì ń ti kẹ̀kẹ́ títí ìrun Mọ̀gáríbì fi kọjá wa lójú títì.

Èkejì, omi. Ẹ gbé èyí tí yóò tó dé abúlé tó kàn, pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà. Bí ó bá ku kìkì èyí tí a óò mu, ẹ ṣe tayammum.

Ẹ̀kẹta, ìwé. Wọ́n ti Barry mọ́lé lọ́nà, ní Burkina Faso àti Tógò. Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rá wé páásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà wọn sílé.

Ẹ̀kẹrin, dídì. Ẹrù wúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Àjákù báánà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú dára láti bò ó lọ́wọ́ òjò. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́ aṣọ, kí ẹ sì ká etí aṣọ kúrò lẹ́nu ṣéènì. Kí ẹnikẹ́ni má dá lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ di gbogbo rẹ̀, kí ẹ gùn ún láti Bàrígà dé Ìkòròdú àti àbọ̀. Yàtọ̀ sí irinṣẹ́, oògùn àti ìwé, ohun tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn, ẹ fi í sílé.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ gbogbo ẹni tó ń wá ìmọ̀ lọ, kí ó sì mú wọn bọ̀ láyọ̀. Àmín.