Ẹ Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lùwé

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń dé orí àga gíwá,

Níbi ìnáwó kan níhìn-ín ní Ejìnrìn, mo gbọ́ tí wọ́n ń yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Olóṣèlú ló pè é lórí fóònù pé olùkọ́ kan ń bú ìjọba. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá náà ti ní kí olùkọ́ yìí lọ rọọ́kún nílé. "Ọkùnrin gidi!" ni wọ́n ń wí. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ mọ òfin, ẹ mọ ìṣirò owó, ẹ mọ bí a ṣe ń kí gómìnà. Mi ò bá yín dé ibẹ̀. Ẹni tí ẹ fẹ́ fìyà jẹ, ṣé ẹ ti gbọ́ tẹnu rẹ̀?

Lóṣù Kẹjọ 2020, ìgbìmọ̀ aláṣẹ Yunifásítì Èkó jókòó ní Àbújá, wọ́n yọ gíwá wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwatoyin Ogundipe. Ẹ̀sùn owó ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, òun ní irọ́ ni. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé dìde ní wọn ò fún un láyè kó wí tẹnu rẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá, ó ti padà sórí àga. Ta ló tún wá bìkítà láti mọ òótọ́ ẹ̀sùn náà? Ibi tí wọ́n fò yẹn ló gba gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu aráyé. Ní ilé-ìwé kan náà ní 1965, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ò gbọ́ ti Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, lórí ẹni tó máa jẹ́ gíwá: Sẹ́nétì fẹ́ Eni Njoku, ìgbìmọ̀ aláṣẹ mú Sàbúrì Bíóbákú. Ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀yà, akẹ́kọ̀ọ́ kan fọ̀bẹ gún Bíóbákú. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn nígbà tí mo bá gbé fáìlì ìbáwí dé iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn fáìlì ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, tí á máa wá èsì ẹni tọ́rọ̀ kàn. Bí kò bá sí níbẹ̀, á tì í padà sí mi láìsọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, olóyè ẹgbẹ́ òṣèlú wá ní kó lé akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú ìwọ́de. Ọ̀gá ní kí n bu tíì fún àlejò, kí n sì lọ ké sí ọmọ náà wá. Àlejò ò dúró de ọmọ. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n báyìí.

Ní 2022, Ìkòròdú di ìlú yunifásítì, Ẹ̀pẹ́ náà gba ẹ̀ka yunifásítì. Àwọn òbí tó ń kó owó ẹja àti gààrí wá síbẹ̀ ń bèèrè bóyá ilé-ìwé ni àbí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Bí fóònù bá dún lálẹ́, ẹ ní kí ẹni tó pè kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ fún un láyè kó fèsì, kí èsì rẹ̀ sì dé iwájú Sẹ́nétì kí lẹ́tà kankan tó jáde.