Ìwòsàn Ooru Ewé ti Ṣáínà fún Làkúrègbé Ọwọ́

Ẹ̀yin ọmọ ìyá, ẹ̀kọ́ wa dá lórí bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń fi ooru tọ́jú oríkèé ọwọ́ tí ó ń ro ènìyàn. Kí ni ìwòsàn yìí lè ṣe? Kí ni kò lè ṣe?

Ìtàn rẹ̀: "Jiu" ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1973, wọ́n rí ìwé tí ó sọ nípa rẹ̀ nínú ibojì kan ní Mawangdui, ní ìlú Changsha. Láti ọdún 168 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà ni wọ́n ti dí ibojì náà. Ní ọdún 2010, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé, òun àti abẹ́rẹ́ gígún ti Ṣáínà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: Wọn á sá ewé kan tí ń jẹ́ ai, wọn á gún un títí yóò fi rí bí òwú, wọn á sì fi bébà wé e bí sìgá ńlá. Oníṣègùn á tan iná sí i, á sì gbé e sókè ọwọ́ aláìsàn ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ojú kan tí wọ́n máa ń lò ni Hegu, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e.

Àǹfààní rẹ̀: Ooru a máa dẹ iṣan, ìrora á sì rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kèrékèré tí ó ti jẹ kò ní tìtorí rẹ̀ hù padà.

Ibi tí ewu wà: Làkúrègbé pín sí oríṣiríṣi. Ti àgbà wà. Òmíràn sì wà tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ń bá oríkèé jà. Ọwọ́ méjèèjì a máa wú, wọn a sì le gbagidi láàárọ̀ fún bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn ilé ìwòsàn tí ó lè dá a dúró wà, bí a bá tètè lọ. Ẹni tí ó bá fi ooru nìkan tu ara rẹ̀ nínú, ìka rẹ̀ lè wọ́ títí láé.

Ẹ ṣọ́ra:
(a) Ẹ má fi ooru sí oríkèé tí ó pọ́n tí ó sì gbóná.
(b) Ọwọ́ alátọ̀gbẹ lè kú tipiri. Iná lè jó o láìmọ̀.
(d) Èéfín rẹ̀ kò dára fún oníkọ́ fée.
(e) Àwọn oníṣègùn Ṣáínà fúnra wọn kì í fi Hegu tọ́jú aláboyún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ irú làkúrègbé tí ó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tan iná.

Ìbéèrè:
1. Àmì wo ni ó fi hàn pé kí a tètè lọ sí ilé ìwòsàn?
2. Àwọn wo ni ooru yìí lè pa lára?