Ipò Kékeré Ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama: Ibẹ̀ Ni Aṣáájú Ti Ń Bẹ̀rẹ̀



Ọ̀pọ̀ òbí ni ó máa ń sọ fún ọmọ wọn pé, “Ìwé ni mo ní kí o lọ kà, n kò rán ọ lọ ṣe ẹgbẹ́.” Òótọ́ ni pé ìwé ni àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ń sá kúrò ní kíláàsì nítorí ìpàdé ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí a kì í rí kọ́ lójú pátákó: bí a ṣe ń ṣọ́ ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1991, nígbà tí mo wà ní SS2, wọ́n fi mí ṣe akápò ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí. Mo mú náírà mẹ́wàá nínú owó ẹgbẹ́, mo fi jẹun, mo ní n ó dá a padà. Kí n tó dá a padà, wọ́n ní kí n mú owó wá kí a fi ra ẹní ìkírun. Owó kò pé. Mo ní àwọn kan ni kò tíì san tiwọn. Arábìnrin tí ó jẹ́ akọ̀wé kò pariwo. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ka orúkọ àwọn tí ó ti san lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣírò rẹ̀. Ojú tì mí, mo jẹ́wọ́. Olùkọ́ tí ń bójú tó wa kò yọ mí. Ó ní kí n san owó náà padà, kí n sì máa ka ìṣirò owó sétí gbogbo ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ yẹn kò kúrò lára mi títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ ni ipò kọ̀ọ̀kan ṣe ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀:

1. Akápò ń kọ́ bí a ti ń jíhìn.
2. Akọ̀wé ń kọ́ pé òtítọ́ tí a kọ sílẹ̀ lágbára ju ariwo lọ.
3. Ẹni tí ń ṣe àríyànjiyàn ń kọ́ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tán kí a tó fèsì.
4. Olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń kọ́ bí a ti ń gba ìjákulẹ̀ láìdá ẹnì kan lẹ́bi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín ni ó dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1954. Abdul-Lateef Adegbite, akẹ́kọ̀ọ́ King's College nígbà náà, ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ó di agbẹjọ́rò, ó sì di akọ̀wé àgbà Ìgbìmọ̀ Gíga Jù Lọ fún Ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù ní Nàìjíríà, kí ó tó kú ní ọdún 2012. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, ẹ mú ẹgbẹ́ kan tàbí méjì, kí ẹ sì ṣe é dáadáa. Ẹ má kó márùn-ún mọ́ra. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ má ṣe fi ilẹ̀ gbígbá àti oúnjẹ sísè nìkan sílẹ̀ fún àwọn arábìnrin. Bí kò bá sí akọ̀wé wa ọjọ́ náà, irọ́ ni mo fi ń ṣe akápò.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a lè jíhìn ohun tí ó wà níkàáwọ́ wa. Àmín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Kí ni wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ ní ilé-ẹ̀kọ́? Bí wọ́n bá ní kí o jíhìn rẹ̀ lónìí, ṣé yóò pé?