Ọ̀bẹ Màmá Àgbà: Ká Tún Un Ṣe Ni, àbí Ká Ra Tuntun?

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, olùkọ́ wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ohun èlò ilé kan, kó kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá a rìn. Àwọn tó gbọ́n ti yára mú odó àti ìkòkò. Ọ̀bẹ ni wọ́n ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún mi. Mo kọ́kọ́ ń ráhùn, torí a ò gbọdọ̀ mú ọ̀bẹ wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìdí ṣíbí la fi ń gé búrẹ́dì, gbogbo yín mọ̀. Ìgbà tí mo wá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Jos nígbà ìsinmi, mo rí i pé mo mọ̀ nípa ọ̀bẹ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹ̀yà ara ẹ̀. Ibi tó mú, tó ń gé nǹkan, ni ẹnu ọ̀bẹ. Àwọn mìíràn ń pè é ní ojú ọ̀bẹ. Òdìkejì rẹ̀ tó nípọn, tí kò lè gé èèyàn lọ́wọ́, ni ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Iwájú pátápátá ni ṣóńṣó rẹ̀. Ibi tí à ń dì mú ni èèkù. Ilé tí à ń ti ọ̀bẹ bọ̀ ni àkọ̀, òun làwọn àgbà ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní ọ̀bẹ ń wólé ara ẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọ̀bẹ ilé ìdáná kì í sábà ní àkọ̀, inú agbọ̀n àwo ló ń sùn.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Irin ọ̀bẹ kì í parí sí ẹnu èèkù. Ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọnú igi lọ. Alágbẹ̀dẹ á ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bọ iná títí á fi pọ́n bẹ́lẹ́jẹ́, á wá tì í bọ inú igi, irin á jó ihò fúnra ẹ̀ ní ìwọ̀n ara ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèkù ọ̀bẹ ìbílẹ̀ fi ń di irin mú láìsí ìṣó kankan. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ọ̀bẹ tí mò ń sọ, ti màmá àgbà ni, ìyá tó bí màmá mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Jos, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe wá sí Jos nígbà yẹn láti ṣòwò. Dùńdú ni wọ́n ń tà, ọ̀bẹ yìí ni wọ́n sì fi ń bẹ iṣu. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n fi ọ̀bẹ náà lé màmá mi lọ́wọ́. Irin ẹ̀ ti dúdú, pípọ́n ti jẹ ẹ́ débi pé kò fẹ̀ ju ìka mi méjì lọ. Lára èèkù ẹ̀, kòtò kékeré kan wà níbi tí àtàǹpàkò máa ń dúró. Tí màmá mi bá fi ìka síbẹ̀, wọ́n á ní, "Ọwọ́ màámi rèé." Wọ́n ní ọ̀bẹ tuntun mẹ́ta nílé o, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìkankan nínú wọn bẹ iṣu.

Nígbà ìsinmi, bàbá mi ní kí n ṣí agolo ọ̀dà kan, ká lè kun géètì. Ìdérí ẹ̀ ti lẹ̀ pinpin. Mo wá nǹkan pẹlẹbẹ kiri, ọ̀bẹ yẹn ni mo rí. Mo ti ṣóńṣó ẹ̀ bọ abẹ́ ìdérí. Kò lọ. Mo wá mú òòlù, mo sì ń lu ìdí èèkù. Bí mo ṣe lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣóńṣó ti kán, ó tó sẹ̀ǹtímítà 2, èèkù sì ti sán láti ìdí títí dé ibi kòtò àtàǹpàkò yẹn. Mo fi ọ̀bẹ náà pamọ́ sẹ́yìn àpò èlùbọ́ fún ọjọ́ méjì. Mi ò jẹun dáadáa lọ́jọ́ méjèèjì.

Lọ́jọ́ kẹta, màmá mi ń wá ọ̀bẹ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀bẹ ti fọ́."

Wọ́n wò mí. "Ọ̀bẹ kì í fọ́. Abọ́ ló ń fọ́. Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Ó bàjẹ́ ni, mà."

"Ta ló bà á jẹ́?"

Ẹ wo ibi tí èdè wa mú mi. Tí èèyàn bá ní "ó bàjẹ́", kò sí ẹni tó ṣe é nínú gbólóhùn náà, ọ̀bẹ kàn dédé bàjẹ́ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ṣeé là sí méjì: bà, jẹ́. Tí o bá ti là á báyìí, o gbọ́dọ̀ fi èèyàn ṣíwájú ẹ̀, kí o sì fi nǹkan sáàárín: "Mo ba ọ̀bẹ jẹ́." Ohun tí mo sọ nígbẹ̀yìn nìyẹn. Màmá mi ò nà mí. Wọ́n gba ọ̀bẹ, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún, wọ́n fi aṣọ wé e. Ó bá sàn kí wọ́n nà mí.

Bàbá mi ní kí wọ́n jẹ́ ká ra tuntun, ọ̀bẹ funfun onírọ́bà tí kì í dípẹtà kún ọjà. Aládùúgbò wa tó ń ṣe wẹ́dà ní kí a mú un wá, òun á jó ṣóńṣó ẹ̀ padà, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Inú mi dùn sí ti wẹ́dà yìí gan-an. Màmá mi ò fèsì fún ẹnikẹ́ni, wọ́n pe màmá àgbà lórí fóònù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú fóònù bí ẹni pé wọ́n rí mi.

Màmá àgbà ò béèrè ẹni tó bà á jẹ́. Ìbéèrè tiwọn ni pé, "Ṣé ẹnu ẹ̀ sán? Tí ẹ bá di èèkù mú, ṣé irin ń mì? Irin tó wà nínú ńkọ́, ṣé ó ṣì wà ní odindi?" Ibí yìí ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí a bá lò ló ń sọ ohun tó yẹ ká ṣe.

Tí ọ̀bẹ bá kú, ìyẹn ni pé kò mú mọ́, pípọ́n ni, òkúta ti tó. Tó bá dípẹtà, ẹ fi eérú tàbí yanrìn kíkúnná fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró pa á lára. Kò sí ìdí láti jù wọ́n nù rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù wọ́n nù. Tí ṣóńṣó bá kán, ọ̀bẹ ò tíì kú. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni wọ́n á lọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá ẹnu pàdé, ṣóńṣó tuntun á jáde, a ò sì ní fọwọ́ kan ẹnu tó mú. Ọ̀bẹ á kúrú sí i ni.

Èyí tó le ni kí ẹnu ọ̀bẹ sán, kí ìlà tín-ín-rín kan gba ẹnu gòkè lọ sí ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ díẹ̀ ni, wọ́n lè lọ̀ ọ́ kúrò. Tó bá ti jìn, ọjọ́ kan ló máa kán sínú iṣu tàbí sí ẹni lọ́wọ́. Irú ìyẹn, ẹ gbé e kọ́ ògiri tí ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀, kí ẹ lọ ra òmíràn.

Ti wẹ́dà ńkọ́? Màmá àgbà pariwo nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Alágbẹ̀dẹ máa ń mú kí irin pọ́n nínú iná, á wá rì í bọ omi tàbí òróró lójijì, ohun tó ń mú kí ẹnu ọ̀bẹ le nìyẹn. Iná wẹ́dà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tó bá kàn, tó sì rọra tutù, á rọ̀, kò ní lè mú pẹ́ mọ́. Ibi tí wọ́n jó pọ̀ sì tún lè kán lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń lọ irin náà nílò ìṣọ́ra: ẹ máa rì í bọ omi léraléra, torí tí irin bá ti ṣẹ̀jẹ́ aró, líle ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ó wá ku èèkù. Màmá mi ní, "Màámi, èèkù yẹn gan-an ló ń dùn mí. Ọwọ́ yín ló wà níbẹ̀."

Màmá àgbà rẹ́rìn-ín. "Èèkù wo? Ìkẹta nìyẹn o! Ikán jẹ ti àkọ́kọ́. Ìkejì já sínú ààrò níbi tí mo ti ń din dùńdú. Bàbá rẹ ló fi igi gúáfà gbẹ́ èyí."

Gbogbo wa dákẹ́. Màmá mi ò mọ̀ pé bàbá wọn ló gbẹ́ ẹ. Bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìkẹta yẹn máa gbà mí, àfi bó ṣe tún wúwo sí i. Màmá mi béèrè bóyá ká fi wáyà dì í. Màmá àgbà ní rárá, omi iṣu á máa wọ inú ibi tó sán, irin á máa mì, ọ̀bẹ tó ń mì ló ń gé èèyàn. "Bàbá rẹ gbẹ́ ẹ kí n lè rí ọ̀bẹ lò ni. Ẹ lọ fi òmíràn sí i. Ọmọ tó ṣẹ́ ẹ ni kó gbẹ́ ẹ."

Bó ṣe di pé èmi àti màmá mi lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ Haúsá kan nìyẹn. Bàbá àgbàlagbà ni. Ó fi owú kan èèkù náà jẹ́jẹ́, igi pín sí méjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn yọ jáde. Ó dípẹtà, ṣùgbọ́n odindi ni, kò kán. Bàbá yẹn mi orí, ó ní ọ̀bẹ wà láàyè. Ká ní irin yẹn ti kán ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó lọ ẹ̀yìn ọ̀bẹ wálẹ̀, ṣóńṣó tuntun sì jáde.

Mo ti gé ẹ̀ka gúáfà wá láti ilé aládùúgbò, torí mo fẹ́ kó jọ ti bàbá àgbà. Alágbẹ̀dẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Igi tútù ni, ó ní tó bá gbẹ tán á sún kì, á sì sán. Ó fún mi ní ọ̀gánwó gbígbẹ, tí àwọn ń pè ní maɗaci. Èèkù náà, ƙota ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sán ọjọ́ méjì ni mo fi gbẹ́ igi yẹn níbẹ̀, ọwọ́ mi lé ròró. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ìtumọ̀ òwe tó ní bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ki irin bọ̀ ọ́, wọ́n fi àkísà tútù wé ẹnu ọ̀bẹ kí ooru má bàa dé ibẹ̀, wọ́n wá jẹ́ kí èmi di igi náà mú. Èéfín bo ojú mi.

Màmá mi fi bẹ iṣu lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ó ń họ wọ́n lọ́wọ́, kí n mú sáńpépà wá sílé tí mo bá ń bọ̀ fún ìsinmi. Èèkù ti bàbá àgbà wà nínú àpótí aṣọ wọn, apá méjèèjì, nínú gèlè.

Iṣẹ́ ṣíṣe: fọ́, sán, kán, ya, já. Ẹ fi ìkọ̀ọ̀kan sí ibi tó yẹ ẹ́: okùn, aṣọ, ògiri, ìgò, ẹsẹ̀ àga. Lẹ́yìn náà, ẹ tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kọ kí ẹni tó ṣe é lè hàn nínú ẹ̀. Ẹ mú un wá sípàdé Ọjọ́bọ̀.