Ohun tó yẹ kí òbí wò kí wọ́n tó ra ibùsùn ọmọ tuntun

Bí oṣù ìbímọ bá ti ń súnmọ́ tòsí, ibùsùn kékeré tí wọ́n ń tẹ́ ìkókó sí máa ń wà lára ohun tí àwọn òbí ń wá kiri ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ekurede-Urhobo, nílùú Warri ní ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí ooru ti ń mú, tí òjò ń rọ̀ púpọ̀, tí ẹ̀fọn kò sì jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Ibùsùn tó bá ní ọ̀ṣọ́ jù lọ, tó ní ìrọ̀rí, tìmùtìmù yíká ẹ̀gbẹ́ àti ọmọláńgidi nínú, ni ojú kọ́kọ́ máa ń rí. Àmọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé ọ̀ṣọ́ wọ̀nyí gan-an ló léwu fún ọmọ tí kò tíì lè yí orí rẹ̀ kúrò bí nǹkan bá bò ó nímú.

Ìkókó tí ara rẹ̀ le koko lè kú lójú oorun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìpolongo lọ́dún 1991, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e lọ́dún 1994, pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, kí ojú rẹ̀ kọ sí òkè. Láàárín ọdún díẹ̀, irú ikú bẹ́ẹ̀ dín kù tó ìdajì. Àwọn ìyá àgbà kan ṣì gbà pé ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ ló ń sùn dáadáa. Òótọ́ ni pé oorun rẹ̀ máa ń wọra. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ọmọ tó sùn wọra tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè ta jí bí èémí bá ń há a.

Nítorí náà, ibùsùn tó dára ni èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó le, tí kò sì ní nǹkan kan nínú ju fóòmù àti aṣọ kan tó fún mọ́ ọn pinpin. Bí a bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ fóòmù náà, ó yẹ kó padà sípò lójú ẹsẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín fóòmù àti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kò gbọ́dọ̀ gba ju ìka méjì lọ. Bí ó bá jẹ́ onígi, àlàfo àárín igi kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, kí orí ọmọ má baà há síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ gba àkíyèsí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ilé iṣẹ́ Fisher-Price ní Amẹ́ríkà pe nǹkan bí mílíọ̀nù 4.7 ibùsùn Rock 'n Play padà, lẹ́yìn tí ìròyìn ti jáde pé ó ju 30 ìkókó tó kú sínú rẹ̀. Ibùsùn náà dagun, kò tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tó lè mú kí àgbọ̀n ọmọ wọlẹ̀ mọ́ àyà kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì dí. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ka irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ àti tìmùtìmù ẹ̀gbẹ́ ibùsùn léèwọ̀. Ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ lókè òkun kò ṣòro láti bá pàdé nínú ẹrù àlòkù, ẹni tó sì ń tà á lè má mọ ìtàn rẹ̀. Kí òbí ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kí wọ́n wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó sanwó.

Ewu mìíràn wà tí ojú kì í tètè rí: káńfọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń kó o sáàárín aṣọ ọmọ àti aṣọ ibùsùn tí wọ́n tọ́jú láti orí ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, pàápàá ọkùnrin, ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú àti ara rẹ̀ á sì pọ́n bí ìyeyè. Ibà pọ́njú tó bá le lè ba ọpọlọ jẹ́, ó lè dití, ó sì lè pa ọmọ. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Gbígbé e sí oòrùn àárọ̀ kò tó. Ní ìpínlẹ̀ Bayelsa tó bá Delta pààlà, Virtue Oboro, tí ibà pọ́njú kọlu ọmọ tirẹ̀ lọ́dún 2015, ṣe ibùsùn ìtọ́jú kan tó ń lo iná oòrùn, tó ṣeé ká, tó sì ń tan iná aláwọ̀ búlúù sí ọmọ lára. Orúkọ rẹ̀ ni Crib A'Glow. Ohun èlò ìtọ́jú ni, kì í ṣe ibùsùn tí a ń rà sílé.

Ní ti ẹ̀fọn, nẹ́ẹ̀tì kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ní Warri, ṣùgbọ́n kí ó na dáadáa, kí ó má rọ̀ kan ojú ọmọ. Kúbùsù àti fìlà kò pọn dandan nínú ooru. Bí ọrùn ọmọ bá ti ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù. Yàrá ìyá ló yẹ kí ibùsùn wà, ó kéré tán fún oṣù 6, kí ó má ṣe sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé.

Ọmọ tí kò tó ọjọ́ tún ní tirẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ àti ìlú mẹ́rin mìíràn ní Áfíríkà àti Íńdíà, tó jáde lọ́dún 2021, fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n wọn kìlógíráàmù 1 sí 1.8, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín ọjọ́ 28 nígbà tí wọ́n gbé wọn sí àyà ìyá, ara kan ara, láti ìgbà ìbí, ìdá 15.7 ló kú nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú lọ́nà ti tẹ́lẹ̀. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àyà ìyá ni ibùsùn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí ìyá tí oorun ń kùn má ṣe gbé e sùn lórí àga tìmùtìmù.

Àìlówó kò ní kí ọmọ má sùn láìléwu. Láti ọdún 1938 ni ìjọba Finland ti ń fún àwọn ìyá ní páálí tó ní fóòmù nínú, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìkókó ti sùn. Nígbà tí ọmọ bá ti ń gbìyànjú láti yí ara dà, tàbí tó ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, tí ó sábà máa ń jẹ́ láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ibùsùn kékeré ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó tóbi, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, ló kàn.